Blending: ohun tó wà láàárín kéèyàn mọ ABD àti kó mọ̀wé kà

Ọmọ mi ọkùnrin ò tíì pé ọdún 4 tó ti kọ́ ABD sórí. Tí àlejò bá wọlé, á dúró sáàárín pálọ̀, á bẹ̀rẹ̀: a, bí, dí, e, ẹ, fí, gí, gbí, títí dé yí, kò ní fo ẹyọ kan, inú wa á sì máa dùn. Àfìgbà tí mo kọ "bàtà" sára páálí kan, mo ní kó kà á fún mi, ó ní "bí, a, tí, a", ló bá gbójú sókè ń wò mí, ó rò pé òun ti kà á tán. Orúkọ lẹ́tà ló mọ̀, kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń fi lẹ́tà ṣe.

Nǹkan tó kù yẹn ni àwọn tíṣà ń pè ní blending. Kéèyàn pe ohùn lẹ́tà kan, kó so ó mọ́ ohùn èyí tó tẹ̀ lé e, kó má jẹ́ kó já láàárín, títí etí ẹ̀ á fi gbọ́ ọ̀rọ̀ tó mọ̀. Ohùn ni mo sọ o, mi ò sọ orúkọ. Orúkọ b ni "bí", àmọ́ tẹ́ ẹ bá pe "bàtà" dáadáa, ẹ ò ní gbọ́ "í" kankan níbẹ̀, ètè méjèèjì kàn pàdé ni, wọ́n sì là. Ọmọ tó bá ń so orúkọ pọ̀, "bíatía" ló máa gbọ́, báwo ni ìyẹn ṣe fẹ́ di bàtà?

Ẹ má tiẹ̀ kọ́kọ́ gbé ìwé jáde. Nínú kíṣìnì lèmi ti bẹ̀rẹ̀: "Bá mi mú ṣí... bí wá." Ìyẹn rọrùn fún un, torí sílébù ni mo fi gé e. Nígbà tó di ọjọ́ mélòó kan mo wá gé e wẹ́wẹ́, "ṣ... í... b... í", òun á so ó pọ̀ fúnra ẹ̀, á sáré lọ mú un. Tó bá wá kan lẹ́tà, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí èyí téèyàn lè fà gùn: m, s, f, l, n. "Mmmmúúú" á yé ọmọ ju "bú" lọ, torí b, t àti k kì í dúró, ẹ ò tíì pè wọ́n tán tí wọ́n á ti lọ.

Èdè wa dùn ún fi kọ́ nǹkan yìí gan-an, mi ò mọ ìdí tá a fi ń sá fún un. Lẹ́tà 25 péré, fáwẹ̀lì 7, ọ̀pọ̀ sílébù ò ju kọ́ńsónáǹtì kan àti fáwẹ̀lì kan lọ, ohùn kan náà ni lẹ́tà sì sábà máa ń ní níbi gbogbo. Ti òyìnbó, lẹ́tà 26 ló ń gbé ohùn bíi 44, c inú cat kọ́ ni c inú city. Ọmọ tó bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń so ohùn pọ̀ ní Yorùbá á gbé e dé ibẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pámárì ní gbogbo iṣẹ́ fọ́dún 6, wọ́n wá ya Gẹ̀ẹ́sì sọ́tọ̀ bíi iṣẹ́ kan, àwọn ọmọ yẹn ò sì kẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá.

Ẹ ṣọ́ra fún gb, ohùn kan ni, kì í ṣe g kó tó kan b. N tó wà lẹ́yìn fáwẹ̀lì náà, bíi ti "fún", kò ní ohùn tiẹ̀, imú ló ní kẹ́ ẹ fi pe fáwẹ̀lì yẹn, àmọ́ n inú "ńlá" dá dúró gedegbe.

Àmì ohùn ló máa ń gbẹ̀yìn. Ọmọ lè so i-gb-a pọ̀ kó má tíì mọ̀ bóyá igbá ni, ìgbà ni, àbí igba, ẹ bá a kọ ọ́ lórin dò re mí. Mo lẹ bébà mọ́ ike iyọ̀ wa, mo kọ orúkọ ẹ̀ sí i láì sọ fẹ́nì kankan. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo ń dín ẹyin, mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: "i... y... ọ... ìyọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wo inú ike yẹn, ó ní, "Iyọ̀! Mọ́mì, iyọ̀ ni wọ́n kọ síbí!"