Wọ́n rẹ mọ́tò sílẹ̀, táyà wá ń ha: báwo la ṣe máa mọ ibi tó ti ń kàn?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fi coilover (ṣọ́kì àti sípíríǹgì tó jọ wà pọ̀, tó ṣeé gbé sókè tàbí rẹ̀ sílẹ̀) rẹ mọ́tò mi sílẹ̀, á tó bí íǹṣì kan àbọ̀ tó fi wálẹ̀, mo wá yọ ríìmù 16 tó bá a wá, mo fi 18 tó fẹ̀ jù ú lọ sí i. Àtìgbà yẹn, tí mo bá yí sítíárìn dópin tí mo ń ṣe rìfáàsì, á máa dún kírrr níwájú. Tí èèyàn mẹ́ta bá tún jókòó sẹ́yìn tá a kó sí kòtò, á dún gbàrà lẹ́yìn. Ẹnì kan ní kí n gé fẹ́ńdà, ẹnì kan ní kí n gbé mọ́tò sókè padà, ẹlòmíì ní táyà ló tóbi jù. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò, má tíì gé nǹkankan o, jọ̀ọ́. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n sọ yẹn jẹ́ òótọ́, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo ibi tí táyà ti ń kan ara mọ́tò nínú wọn, ibẹ̀ gan-an sì lọ̀rọ̀ wà. Wo ohun tó o kọ dáadáa, ti iwájú ọ̀tọ̀, ti ẹ̀yìn ọ̀tọ̀, wàhálà méjì lò ń bá yí, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ní táyà òun ń ha ni pé ìgbà wo ló ń dún, torí ìgbà tó ń dún ló máa tọ́ka síbi tó ti ń kàn. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ tẹ́jú, ò ń rìn jẹ́jẹ́, tó sì jẹ́ ìgbà tó o bá yí sítíárìn dópin nìkan ló ń dún, ike inú fẹ́ńdà ni kó o kọ́kọ́ fura sí, ì báà jẹ́ iwájú ẹ̀ tó sún mọ́ bọ́mpà tàbí ẹ̀yìn ẹ̀ tó sún mọ́ ilẹ̀kùn, àbí kó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ inú táyà ló lọ ń kan irin ṣáásì. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀nà tààrà, ìgbà tó o kó sí kòtò tàbí tó o gun bọ́ǹpù, òkè ni kó o wò, etí fẹ́ńdà tàbí àjà ike yẹn. Tó bá jẹ́ ìgbà tó o fi eré gba kọ́nà, ẹ̀gbẹ́ tí mọ́tò tẹ̀ sí ni, tó o bá yà sósì, apá ọ̀tún ló máa gbé ẹrù, apá ọ̀tún náà ni wàá yẹ̀ wò. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù ni èyí tó ń dún ní gbogbo ìgbà lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, tí ariwo ẹ̀ ń yára bí mọ́tò bá ṣe ń sáré sí i, torí ọ̀pọ̀ ìgbà inú lọ́hùn-ún ni ìyẹn ti ń wá, ẹ̀gbẹ́ táyà ló ń fara ra coilover tàbí sípíríǹgì, irin ń jẹ rọ́bà níbẹ̀ o ò sì ní rí i lóde.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa wá rí ojú ibi tó ti ń kàn gan-an?

Ìdáhùn: Má fọ inú fẹ́ńdà kó o tó wò ó. Mo mọ̀ pé ó máa wù ẹ́ kó o fọ̀ ọ́ mọ́, àmọ́ eruku tó wà níbẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ẹ. Gbogbo inú fẹ́ńdà ló máa ń ní eruku, ibi tí táyà bá ti ń rà nìkan ló máa mọ́, á dúdú, á máa dán, nígbà míì kò ju ìbú ìka méjì lọ. Tó bá ti pẹ́ tó ti ń ha, wàá rí i pé ike ti yọ́ níbẹ̀, ó ti fín wọnú, rọ́bà táyà wẹ́wẹ́ á lẹ̀ mọ́ etí ibẹ̀ bíi ìdọ̀tí tí ìrésà ìwé máa ń fi sílẹ̀.

Gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́, fa háńbíréèkì, fi òkúta tàbí igi dí táyà tí o ò ní gbé sókè, kó o tó tú nọ́ọ̀tì. Lẹ́yìn tó o bá jáàkì ẹ̀, fi sítáǹdì sí i lábẹ́, jáàkì nìkan ò tó o, mi ò fẹ́ gbọ́ pé orí ẹnikẹ́ni wà lábẹ́ mọ́tò tó dúró lórí jáàkì lásán. Yọ táyà, fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo inú ẹ̀, òkè, iwájú, ẹ̀yìn, ara coilover, gbogbo ẹ̀ pátá. Wo táyà fúnra ẹ̀ náà, yí i po díẹ̀díẹ̀. Tí ìlà bá wà léjìká táyà lóde, etí fẹ́ńdà ló sábà máa ń ṣe é. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ inú ló ń dán tí ìlà yí i ká, coilover tàbí ṣáásì ni. Tó bá sì jẹ́ ojú táyà tó ń tẹ ilẹ̀ ni etí ẹ̀ rí págunpàgun, ike ni.

Tí o ò bá rí nǹkankan, ìgbà yẹn lo wá lè fọ̀ ọ́. Fọ̀ ọ́, jẹ́ kó gbẹ, kó o fi ọṣẹ ìfọyín funfun pa etí fẹ́ńdà nínú lọ́hùn-ún àti àwọn ibi tó o fura sí lára ike, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni o, kì í ṣe kó o rọ́ ọ. Ẹfun náà ṣiṣẹ́, àmọ́ ọṣẹ ìfọyín máa ń hàn dáadáa lára ike dúdú, ó sì rọrùn láti fọ̀ kúrò. Dá táyà padà, di nọ́ọ̀tì le, wakọ̀ lọ ṣe ohun tó ń mú un dún gẹ́lẹ́. Tó bá jẹ́ rìfáàsì, ṣe rìfáàsì yẹn sí ọ̀tún àti sósì. Tó o bá padà dé, ibi tí ọṣẹ ti nù kúrò nìyẹn, àmì funfun á sì wà lára táyà níbi tó ti gbé e. Kò sí àríyànjiyàn kankan mọ́.

Mo ní mọ́tò kan nígbà kan rí tó ń ha tááá bí mo bá ti yà sọ́tùn-ún, a ti ká etí fẹ́ńdà ẹ̀ wọlé, ariwo ò lọ, mo ti fẹ́ ra táyà mìíràn. Ìgbà tá a yọ táyà tá a wá tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, skúrù kékeré kan báyìí tó ń di ike mú ni, orí ẹ̀ ti dán yanran, ó ti fa ìlà tínínrín yí èjìká táyà po bí ẹni fi abẹ fà á. Skúrù kan ṣoṣo. A yọ ọ́, a fi ìdè ike pẹlẹbẹ rọ́pò ẹ̀, ó parí síbẹ̀. Látìgbà yẹn mi ò gbà kí ẹnikẹ́ni gbé irin ti fẹ́ńdà láìjẹ́ pé ó ti fi ojú ara ẹ̀ rí àmì.

Ìbéèrè: Ẹni tó ní táyà ló tóbi jù yẹn ńkọ́? Láti 16 lọ sí 18, ṣé kò ga jù ni?

Ìdáhùn: Ó lè má ga jù rárá. Nọ́ńbà tó wà lára táyà ni kó o kà. Ká ní 205/55R16 ló bá mọ́tò wá, o wá fi 225/40R18 sí i. 205 ni ìbú ẹ̀ ní mílímítà, 55 túmọ̀ sí pé gíga ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jẹ́ ìdá 55 nínú 100 ìbú yẹn, 16 ni ríìmù ní íǹṣì. Tó o bá ṣírò ẹ̀, táyà àkọ́kọ́ máa ga tó nǹkan bíi mílímítà 632 láti ilẹ̀ dé òkè, ìkejì á jẹ́ nǹkan bíi 637. Mílímítà 5 péré ni wọ́n fi jura wọn lọ, ìdajì ẹ̀ nìkan ló sì máa fi sún mọ́ àjà fẹ́ńdà. Ìyẹn nìkan ò jọ ohun tó lè fa ariwo tó ò ń gbọ́ yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ìbú ríìmù àti offset ẹ̀, nọ́ńbà tí wọ́n máa ń kọ ET síwájú ẹ̀. Offset ló ń sọ bí ríìmù ṣe wọlé sí tàbí yọ síta tó sí họ́ọ̀bù, ìyẹn irin tí wọ́n ń di ríìmù mọ́. Bí nọ́ńbà ET bá ṣe kéré tó ni ríìmù ṣe máa yọ síta tó. Ká ní ríìmù tó bá mọ́tò wá fẹ̀ ní íǹṣì 7, ET45, tuntun fẹ̀ ní 8, ET35. Ó fẹ̀ sí i ní íǹṣì kan, ìyẹn mílímítà 25.4, ìdajì ẹ̀ lọ síta, ìdajì wọlé. Lórí ìyẹn, ET tún ti gbogbo ẹ̀ síta ní 10. Àpapọ̀ ẹ̀ ni pé etí ìta ríìmù ti yọ jáde ní mílímítà 22.7, etí inú wọlé ní 2.7 péré. Mílímítà 22 nínú fẹ́ńdà, ilẹ̀ ńlá nìyẹn o! Tó bá tún wá ní spacer, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi sáàárín ríìmù àti họ́ọ̀bù, spacer mílímítà 10 dà bíi pé o tún yọ 10 kúrò lára ET.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìdí nìyẹn tí ti iwájú ẹ fi ń dún nígbà tó o bá yí sítíárìn dópin. Bí táyà bá ṣe yọ síta tó, bó ṣe máa ń ju ara ẹ̀ síwájú sẹ́yìn tó nìyẹn tó o bá ń yí i, ó kúrò níbi tí àwọn tó ṣe mọ́tò fi àyè sílẹ̀ fún un. Rírẹ̀ tó o rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ náà dá kún un, torí ó gbé táyà sún mọ́ òkè níbi tí ike ti ń fún.

Mọ̀ pẹ̀lú pé táyà méjì tí wọ́n kọ 225 sí lè má fẹ̀ bákan náà, iléeṣẹ́ sí iléeṣẹ́ ni, èjìká òmíràn ní igun, ti òmíràn rí róbótó.

Ìbéèrè: Ẹ̀yìn tó ń dún tí èèyàn bá jókòó ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìyẹn ni gíga mọ́tò ní lọ́wọ́ dáadáa. Ẹrù tẹ sípíríǹgì mọ́lẹ̀, kòtò tún tì í, táyà bá etí fẹ́ńdà pàdé. Fi ọwọ́ kan etí fẹ́ńdà nínú, wàá rí i pé wọ́n ká irin yẹn wọnú ní pẹlẹbẹ, òun ló máa ń gé táyà. Pa ọṣẹ sí i, kó èèyàn mẹ́ta sẹ́yìn, gba bọ́ǹpù kan jẹ́jẹ́, wàá rí i.

Bi mẹkáníìkì ẹ bóyá bump stop ṣì wà lórí ọ̀pá ṣọ́kì. Rọ́bà tàbí fóòmù yẹn ló yẹ kó dá ìrìn ṣọ́kì dúró kí táyà tó dé fẹ́ńdà, àwọn kan máa ń yọ ọ́ tàbí gé e kúrú nígbà tí wọ́n bá ń fi coilover sí i, mọ́tò wá ń lọ sísàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ìbéèrè: Ká ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń ha?

Ìdáhùn: Ìgbà yẹn máà dá ríìmù lẹ́bi, torí ríìmù kan náà ló wà lápá kejì. Mú téèpù, wọn láti àárín họ́ọ̀bù dé etí fẹ́ńdà lókè, lọ́tùn-ún àti lósì. Tí ọ̀kan bá kéré, coilover wọn ò dọ́gba tàbí sípíríǹgì kan ti rẹ̀. Tí wọ́n bá dọ́gba, ti ìka ẹ bọ àlàfo tó wà láàárín táyà àti fẹ́ńdà níwájú àti lẹ́yìn, kó o fi wé apá kejì. Tí táyà bá ti sún sẹ́yìn lápá kan, bọ́ọ̀ṣì áàmù ló ti jẹ tàbí áàmù ló ti tẹ̀ níjọ́ kan tí mọ́tò kọlu nǹkan. Kò sí fẹ́ńdà tó o gé tó máa wo ìyẹn sàn.

Ìbéèrè: Ṣé ó lè má jẹ́ táyà rárá?

Ìdáhùn: Ó lè ṣẹlẹ̀. Tó bá ń dún ká-ká-ká nígbà tó o bá yí sítíárìn tó o sì tẹ ẹsẹ̀ kí mọ́tò lè sáré, jọ́ìńtì ṣáàfùtì ni. Tó bá ń hu ùùù bó o ṣe ń sáré, tó ń yí ohùn padà ní kọ́nà, bíárìn họ́ọ̀bù ni. Tó bá dún gbọ̀ọ̀ìn nígbà tó o ń yí sítíárìn lójú kan, sípíríǹgì ló ń há lókè. Táyà tó ń ha máa ń fi àmì sílẹ̀. Tí kò bá sí àmì níbì kankan lẹ́yìn ọṣẹ, wá ibòmíì lọ.

Ìbéèrè: Tí mo bá ti wá rí ibi tó ti ń kàn, kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn: Fún ti iwájú ẹ, tó bá jẹ́ ike ló ń kàn, ó lè jẹ́ pé ìdè ẹ̀ kan ló já tí ike fi ṣubú wá sọ́dọ̀ táyà, dè é padà. Tó bá ṣì ń kàn, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe lè fi atẹ́gùn gbígbóná rọ ike, kó tì í wọlé, kí wọ́n má kàn máa fi ọ̀bẹ gé ihò ńlá sí i, torí omi àti ẹrẹ̀ máa gba ibẹ̀ wọlé sára wáyà. Fún ti ẹ̀yìn, tún bump stop ṣe ná, kó o gbé coilover sókè ní bíi mílímítà 10, ìgbà míì ó tó bẹ́ẹ̀. Tí kò bá tó ni kí wọ́n ká etí fẹ́ńdà wọlé, kí wọ́n sì kọ́kọ́ mú ọ̀dà gbóná, torí ọ̀dà tútù máa ń sán, ibi tó bá sán sí ló máa dógùn-ún. Tó bá jẹ́ inú ni táyà ti ń kan coilover, spacer tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ET tó kéré díẹ̀ ló ń yanjú ẹ̀. Ṣọ́ra fún kámbà o, ìyẹn bí orí táyà ṣe dagun wọlé tàbí síta, tí wọ́n bá fi bóòtù ìsàlẹ̀ ṣọ́kì dẹ orí táyà wọlé, ṣe ló ń sún mọ́ coilover sí i, tó bá jẹ́ orí ṣọ́kì lókè ni wọ́n ti sún un, méjèèjì jọ ń lọ ni, àlàfo yẹn ò ní yí padà.

Ẹ má gé sípíríǹgì rárá. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá gé lè má jókòó sí ààyè ẹ̀ mọ́, tí táyà bá rọ̀ sílẹ̀ ó lè yẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè máa wa báyìí kí n tó ṣe é?

Ìdáhùn: Ohun tó ń kàn ló máa sọ. Tó bá jẹ́ ike lásán nígbà rìfáàsì, má yí sítíárìn dópin, o lè máa wà á fún ọjọ́ díẹ̀. Tó bá jẹ́ irin, má kó èèyàn sẹ́yìn. Tó o bá rí okùn tàbí wáyà inú táyà tó yọjú níbi tó ti gé, tàbí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wú, gbé mọ́tò jókòó lónìí, torí ẹ̀gbẹ́ táyà kì í ṣe ibi tí wọ́n ń lẹ̀, tó bá bẹ́ lórí eré o ò ní rí sítíárìn dì mú. Bó o ṣe wà níbẹ̀, wo họ́ọ̀sì bíréèkì àti wáyà sẹ́ńsọ̀ ABS (bíréèkì tí kì í jẹ́ kí táyà há) tó gba inú fẹ́ńdà kọjá, táyà tó ń wá ibi tó máa kàn lè ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Tó o bá sì ti yí gíga mọ́tò padà, gbé e lọ fún aláìnmẹ́ǹtì, torí igun táyà ti yí padà pẹ̀lú ẹ̀, kó o tún pa ọṣẹ ìfọyín sí i lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ tó o gbé e dé.