Kí ló dé tí ọkọ̀ ìje àtijọ́ ní Amẹ́ríkà kò ní ìpolówó lára? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Lára ohun tó wà ní ìkáwọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington ni ọkọ̀ Pontiac kan, nọ́ńbà 43, aláwọ̀ búlúù òun pupa. Òun ni awakọ̀ ìje Richard Petty wà ní pápá ìje Daytona lọ́jọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1984, nígbà tó borí ìje fún ìgbà 200. Orúkọ STP, àwọn tó ń ta èròjà tí wọ́n ń dà sínú ọ́ìlì àti epo ọkọ̀, hàn gàdàgbà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ọkọ̀ 999 ti ọdún 1902 ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé The Henry Ford ní Dearborn, ìpínlẹ̀ Michigan, kò ní rí orúkọ ọlọ́ìlì tàbí ọlọ́táyà kankan. Ẹ́ńjìnnì gìrìwò lórí férémù onípákó ni, pẹ̀lú ìjókòó kan àti ọ̀pá tí wọ́n fi ń darí rẹ̀. Ìyàtọ̀ yìí máa ń rú òǹwòran lójú.

Ìbéèrè: Ṣé ìpolówó ọjà kò tíì dé nígbà tí wọ́n ṣe 999 ni?

Ìdáhùn: Ó ti dé. Ọkọ̀ náà gan-an ni ìpolówó. Nígbà tí ọdún 1901 fi máa dé ìdajì, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ àkọ́kọ́ tí Henry Ford, ẹni tó wá ṣe 999, bá wọn dá sílẹ̀ ti kógbá sílé, ó sì ń wá olówó tí yóò tún fọkàn tán an. Ó ṣe ọkọ̀ ìje kan tí wọ́n ń pè ní Sweepstakes, ó wà á fúnra rẹ̀ ní Grosse Pointe lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹwàá, ó sì borí Alexander Winton, tí òkìkí rẹ̀ kàn gan-an láàárín àwọn aṣọkọ̀ Amẹ́ríkà nígbà náà. Ọkọ̀ Winton ló ń ṣíwájú kó tó yọnu, tó sì ń rú èéfín. Nígbà tí oṣù Kọkànlá yóò fi parí, àwọn olówó ti dá ilé-iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ lórúkọ Ford. Ẹni tó ṣe ọkọ̀ ló ń fi ọkọ̀ náà díje, nítorí náà kò sí ìdí tí yóò fi ya àyè lára rẹ̀ fún ọjà ẹlòmíì.

Ìbéèrè: Wọ́n ní Ford fi 999 sáré lórí yìnyín ní 1904. Ṣé èyí tó wà ní Dearborn yìí náà ni?

Ìdáhùn: Rárá, àṣìṣe yìí sì wọ́pọ̀. Ọkọ̀ ìbejì ni Ford àti Tom Cooper, gbajúmọ̀ nínú eré kẹ̀kẹ́, ṣe ní 1902: 999 àti Arrow. Sílíńdà mẹ́rin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì wọn, àyè inú sílíńdà náà lápapọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 19. Irú ẹ́ńjìnnì báyìí kò rọrùn láti darí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pe Barney Oldfield, eléré kẹ̀kẹ́ mìíràn, láti wà á. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹfà ọdún 1903, Oldfield fi 999 sá máìlì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá 59.6 lórí pápá róbótó ní Indianapolis. Ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ lórí irú pápá yẹn rí.

Arrow ní tirẹ̀ ní jàǹbá lọ́dún kan náà, awakọ̀ rẹ̀ sì kú. Ford gbà á padà, ó tún un ṣe, ó sì wà á lórí adágún St. Clair tó ti di yìnyín lọ́jọ́ 12 oṣù Kìíní ọdún 1904. Eré rẹ̀ jẹ́ máìlì 91.37 ní wákàtí kan, ìyẹn nǹkan bíi kìlómítà 147. Orúkọ 999 ló fún ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe yìí, nítorí orúkọ yẹn làwọn èèyàn mọ̀. Yíyá ni wọ́n sì ti yá orúkọ náà látilẹ̀wá: ọkọ̀ ojú irin kan ti New York Central, nọ́ńbà 999, ló ti gba òkìkí eré sísá láti 1893. Ohun tí Ford fẹ́ tà ní 1904 ni Model B, òun náà sì jẹ́ onísílíńdà mẹ́rin. Tí ẹ bá ń ka àkọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ àtijọ́, ẹ má ṣe gbára lé orúkọ nìkan. Ẹ bèèrè férémù tí ọkọ̀ náà jókòó lé.

Ìbéèrè: Níbo wá ni àwọn tó ń ta táyà, kabúrétọ̀ àti ọ́ìlì ń polówó sí?

Ìdáhùn: Nínú ìwé ìròyìn lọ́jọ́ kejì ìje, lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, àti lára ife ẹ̀yẹ. Firestone, tó ń ṣe táyà, fi Oldfield polówó pé táyà àwọn ló fi ẹ̀mí ara rẹ̀ lé. Wọ́n sì máa ń ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú sìgá ńlá lẹ́nu. Ó ń há a mọ́ eyín kí ìgbọ̀nrìrì ọkọ̀ má bàa fọ́ eyín rẹ̀.

Pápá ìje ńlá Indianapolis, tó yàtọ̀ sí èyí tí Oldfield lò ní 1903, ni mo kà sí pátákó ìpolówó tó tóbi jù. Àwọn mẹ́rin ló dá a sílẹ̀ ní 1909. Carl Fisher àti James Allison ní Prest-O-Lite, tó ń ta sílíńdà gáàsì fún iná iwájú ọkọ̀. Arthur Newby ń ṣe ọkọ̀ National. Frank Wheeler ń ṣe kabúrétọ̀. Kò sí ọkọ̀ tó lè borí níbẹ̀ tí ọjà wọn kò ní jàǹfààní. Òkúta wẹ́wẹ́ àti ọ̀dà ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ojú pápá náà. Ó hú nínú ìje oṣù Kẹjọ, ó sì pa awakọ̀, mẹkáníìkì àti òǹwòran. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti to bíríkì tó tó mílíọ̀nù 3.2 sórí rẹ̀.

Fisher yìí kan náà ló so ọkọ̀ Stoddard-Dayton mọ́ bàlúùnù ní 1908 láti fi polówó rẹ̀, tó fò kọjá lórí ìlú Indianapolis. Wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kó lè fúyẹ́. Ọkọ̀ mìíràn tó jọ ọ́ ló wà wọ ìlú padà, tó sì jẹ́ kí aráyé gbà pé èyí tó fò ni.

Ní ti ife ẹ̀yẹ, Wheeler-Schebler ti 1909 ń jẹ́ orúkọ kabúrétọ̀, Borg-Warner ti 1936 sì ń jẹ́ orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀. Fàdákà ni Borg-Warner, ojú gbogbo ẹni tó ti borí ní Indianapolis látọdún 1911 ni wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀.

Ìbéèrè: Dígí tó wà lórí Marmon Wasp, ọkọ̀ tó borí ní Indianapolis ní 1911, ṣé ìpolówó lòun náà?

Ìdáhùn: Rárá. Ray Harroun nìkan ló jókòó nínú Wasp ní 1911, nígbà tí àwọn yòókù gbé mẹkáníìkì tó ń bá wọn wẹ̀yìn. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé yóò pa èèyàn, ló bá fi dígí sí i. Ó sọ nígbẹ̀yìn pé bíríkì náà mi ọkọ̀ débi pé òun kò fi dígí rí nǹkan kan. Síbẹ̀ ó borí.

Ìbéèrè: Ìgbà wo ni orúkọ àwọn olówó wá bọ́ sára ọkọ̀?

Ìdáhùn: Díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ tó borí ní Indianapolis ní 1931 ń jẹ́ Bowes Seal Fast Special, ilé-iṣẹ́ àbùlẹ̀ táyà ló sì ni orúkọ yẹn. Tí wọ́n bá fi ọjà sọ ọkọ̀ lórúkọ, akọ̀ròyìn kò lè ròyìn ìje kó má dárúkọ ọjà náà. Owó ńlá dé nígbà tí Amẹ́ríkà fòfin de ìpolówó sìgá lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1971. Owó sìgá ya sí eré ìje. Ní 1972, STP fẹ́ kí ọkọ̀ Petty pupa látòkèdélẹ̀. Petty kò gbà, búlúù ni àwọ̀ ìdílé rẹ̀. Àdéhùn wọn ni àwọ̀ méjèèjì tí ẹ ń rí lára nọ́ńbà 43.

Ìbéèrè: Báwo la ṣe ń dá pátákó ìpolówó ọ́ìlì tàbí táyà àtijọ́ mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú?

Ìdáhùn: Ojúlówó jẹ́ irin tí wọ́n fi ìyẹ̀fun gíláàsì bò, gẹ́gẹ́ bí abọ́ tánńganran. Wọ́n á gé irin, wọ́n á lu ihò ìkànṣó, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi àwọ̀ ìsàlẹ̀ bo iwájú àtẹ̀yìn, wọ́n á sì sun ún nínú iná ìléru tó tó nǹkan bí 800 lórí ìwọ̀n Sẹ́lṣíọ̀sì. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e ń gba iná tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ fi èékánná wọ́ etí lẹ́tà: yóò ga díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí gbogbo àwọ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ fura, pàápàá tí irin náà bá fúyẹ́. Ẹ wo inú ihò. Gíláàsì gbọ́dọ̀ wọ etí rẹ̀. Irin tó hàn gbangba lè túmọ̀ sí pé ẹ̀yìn iná ni wọ́n lu ú. Ọ̀pọ̀ ojúlówó ní òrùka idẹ nínú ihò, kí bóòtù má bàa fọ́ gíláàsì. Ibi tí gíláàsì ti sábà máa ń hó ni etí ihò àti ibi tí òkúta ti bà á. Bí ojú ọgbẹ́ bá wà káàkiri lọ́gbọọgba, ẹnì kan ló fi hámà ṣe é. Ojúlówó kò pọ̀ mọ́, nítorí wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn lọ yọ́ fún irin lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì.

Ìbéèrè: Kí la lè fi fọ̀ ọ́?

Ìdáhùn: Omi tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀, ọṣẹ díẹ̀ tí kò le, aṣọ rírọ̀. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà kàn án, kíkan wọn ń jẹ dídán gíláàsì. Ẹ má sì fi wáyà ìfọkòkò ha á. Ibi tó ti hó ni ewu wà: omi á gbabẹ̀ wọlé, irin á dípẹtà, ìpẹtà á wú, á sì máa gbé gíláàsì tó yí i ká sókè. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì fi ìda fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dí ojú ọgbẹ́ náà. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e kọ́, ẹ fi wáṣà onírọ́bà sí iwájú àtẹ̀yìn ihò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì dáwọ́ dúró gẹ́rẹ́ tí bóòtù bá ti di pátákó mú. Àfikún àyíká kan péré lè la gíláàsì.