Ìdí Tí Fíìmù Tí A Háyà Sórí Fóònù Fi Ń Kọ̀ Láti Ṣí

Àwọn tó ń háyà fíìmù lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti wò ó lórí fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì sábà máa ń bá ohun kan pàdé tí kò yé wọn: fíìmù tí wọ́n ti sanwó rẹ̀, tó sì ti wọlé sínú ẹ̀rọ wọn pátápátá, á ṣàdédé kọ̀ láti ṣí. Àwọn ìbéèrè tí mo máa ń gbọ́ jù lórí ọ̀rọ̀ náà ni mo dáhùn síbí, nítorí ó ń dùn mí pé wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ àwọn èèyàn láìsí ẹni tó la ohun tí wọ́n ń sanwó fún yé wọn.

Ìbéèrè: Mo háyà fíìmù kan lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo sì dáwúnlóòdù rẹ̀ tán sórí fóònù mi. Aago mẹ́sàn-án ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, ṣùgbọ́n oorun gbé mi lọ kí n tó dé ìdajì rẹ̀. Nígbà tí mo padà sídìí rẹ̀ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kò ṣí mọ́. Ṣé ẹnìkan wọ inú fóònù mi wá pa á rẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò sí ẹni tó wọ inú fóònù yín. Àsìkò tí ẹ sanwó fún ló tán. Oríṣi àsìkò méjì ni wọ́n máa ń kà fún ẹni tó bá háyà fíìmù. Èkíní jẹ́ ọgbọ̀n ọjọ́ láti ìgbà tí ẹ ti sanwó, ẹ sì lè fi fíìmù náà sílẹ̀ láàárín rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. Ìkejì bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ pé kó bẹ̀rẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ wákàtí 48. Bí ti Apple ṣe rí nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ti ọ̀pọ̀ fíìmù tí wọ́n ń háyà lórí YouTube àti Amazon. Láàárín wákàtí 48 yẹn, ẹ lè wò ó tán kí ẹ sì tún un wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá bó bá wù yín, wọn kò ní gba kọ́bọ̀ kún un. Ohun tó ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà ni pé wọ́n rò pé bí àwọn bá dá fíìmù náà dúró, àsìkò náà á dúró pẹ̀lú rẹ̀. Kì í dúró. Bí ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni àsìkò yín pé, ìbáà jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni ẹ rí wò nínú rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n mo ti pa dáta mi láti ìgbà tí fíìmù náà ti wọlé tán. Báwo ni ilé-iṣẹ́ tó wà ní Amẹ́ríkà ṣe ti fíìmù mọ́ mi nígbà tí n kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn: Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti máa ń rú èèyàn lójú. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọ inú fóònù yín lọ́jọ́ tí ẹ dáwúnlóòdù, ẹ̀yin sì rò pé ẹyọ kan ni. Èkíní ni fáìlì fíìmù fúnra rẹ̀, èyí tó tóbi, tó ń jẹ dáta, tó sì ń gba àyè. Kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sí yín ni wọ́n ti da àwọn nọ́ńbà inú rẹ̀ rú pátápátá, débi pé bí ẹ bá ṣí i lásán, ẹ kò ní rí àwòrán, ẹ kò sì ní gbọ́ ohùn. Ìkejì jẹ́ ìwé àṣẹ kékeré kan tí ẹ kò lè fojú rí. Inú rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ tó ń tún fáìlì náà tò wà, pẹ̀lú òfin tó sọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dúró kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti iye wákàtí tí ẹ ní lẹ́yìn tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà gígùn kan tó ní bíìtì 128 ni kọ́kọ́rọ́ náà sábà máa ń jẹ́, ẹni tó bá sì ní òun fẹ́ máa dán nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wò títí òun yóò fi bá a, ayé rẹ̀ kò ní tó o láé.

Nítorí pé òfin àsìkò ti wà nínú ìwé àṣẹ náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ìdí fún ilé-iṣẹ́ kankan láti kàn sí fóònù yín lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Fóònù yín fúnra rẹ̀ ló ka òfin náà, tó rí i pé àsìkò ti pé, tó sì kọ̀ láti lo kọ́kọ́rọ́ náà mọ́. Ètò mẹ́ta ló gbajúmọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí: FairPlay tó jẹ́ ti Apple, Widevine tí Google rà ní 2010, àti PlayReady tó jẹ́ ti Microsoft. Ọ̀kan nínú wọn ti wà nínú fóònù yín kí ẹ tó gbé e kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ìbéèrè: Bí mo bá fi Xender gbé fíìmù náà ránṣẹ́ sí fóònù àbúrò mi ńkọ́?

Ìdáhùn: Ká tiẹ̀ ní ẹ rí fáìlì náà gbé, fáìlì nìkan ni yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀rọ tí ẹ fi dáwúnlóòdù nìkan ni wọ́n kọ ìwé àṣẹ náà fún, kò sì ní bá fáìlì náà lọ. Àyè fóònù àbúrò yín ni yóò kún, kò sì ní rí nǹkan kan wò. Dídá aago fóònù padà sẹ́yìn, tí àwọn kan máa ń gbà wá nímọ̀ràn láti ṣe, kì í ṣe ọgbọ́n gidi pẹ̀lú, nítorí àwọn tó ṣe ètò wọ̀nyí ti ro ìyẹn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ láti máa ṣọ́ aago tó bá ṣàdédé padà sẹ́yìn.

Ìbéèrè: Ta ló pinnu pé wákàtí 48 ló tó fún mi?

Ìdáhùn: Iye náà ti wà kí fóònù tó ń gbé fíìmù tó dé. Ní 1998, àwọn ilé ìtajà Circuit City ní Amẹ́ríkà gbé díìsìkì kan jáde tí wọ́n pè ní DIVX. Ẹni tó bá rà á, ní nǹkan bíi dọ́là mẹ́rin àti ààbọ̀, lè wò ó fún wákàtí 48 láti ìgbà tó bá kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, ẹ̀rọ rẹ̀ á sì máa gba orí wáyà tẹlifóònù ilé ròyìn fún kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ náà. Àwọn èèyàn kò gbà á, wọ́n sì pa á tì ní oṣù kẹfà 1999. Ní 2003, Disney dán òmíràn wò ní àwọn ìlú mélòó kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n pè é ní ez-D. Inú ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ ni wọ́n ń dì í sí. Bí ẹ bá ti já ọ̀rá náà, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá kẹ́míkà tó wà lára rẹ̀ jà, ojú díìsìkì tó pupa á máa dúdú bọ̀ díẹ̀díẹ̀, nígbà tó bá sì fi tó nǹkan bíi wákàtí 48, ìmọ́lẹ̀ tó ń kà á kò ní lè gba inú rẹ̀ kọjá mọ́. Díìsìkì náà di ìdọ̀tí nìyẹn. Inú bí àwọn tó ń jà fún àyíká, ọjà náà kò sì gbérí.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní 2008, Steve Jobs, ọ̀gá Apple nígbà náà, kéde ní San Francisco pé Apple yóò máa háyà fíìmù lórí iTunes, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn lè wò lórí kọ̀ǹpútà, iPod tàbí iPhone. Fíìmù àtijọ́ jẹ́ $2.99, tuntun jẹ́ $3.99. Ọgbọ̀n ọjọ́ ni èèyàn ní láti fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ wákàtí 24 péré ló ní láti fi wò ó tán. Mo gbà pé ìyẹn le jù. Òbí tó bá bẹ̀rẹ̀ fíìmù ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ lẹ́yìn tí àwọn ọmọ sùn, tí oorun sì gbé òun náà, yóò dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, yóò se oúnjẹ, yóò tún fi àwọn ọmọ sùn, àsìkò rẹ̀ yóò sì pé kó tó rí àyè jókòó. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni Apple sọ ọ́ di wákàtí 48 ní Amẹ́ríkà.

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fíìmù ló ń fẹ́ kí àsìkò náà kúrú. Ẹ̀ẹ̀kan náà kọ́ ni wọ́n ń ta fíìmù kan: wọ́n ń tà á fún ilé sinimá, fún àwọn tó ń háyà á, fún àwọn tó ń gba owó oṣooṣù, àti fún tẹlifíṣọ̀n. Bó bá pẹ́ jù lọ́wọ́ yín, ẹ kò ní nílò láti rà á. Nígbà tí àwọn ilé sinimá tì pa ní oṣù kẹrin 2020, ilé-iṣẹ́ fíìmù Universal gbé fíìmù tuntun kan wọlé tààrà fún àwọn èèyàn ní $19.99, wákàtí 48 náà ni wọ́n sì tún fún wọn.

Ìbéèrè: Ní àwọn ọdún 1990, a máa ń yá kásẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù fídíò, gbogbo ilé á wò ó, ará ilé kejì á sì tún gbà á wò kí a tó dá a padà. Kí ló dé tí a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́?

Ìdáhùn: Òfin ló fa ìyàtọ̀ náà, mo sì máa fi ti Amẹ́ríkà ṣàlàyé nítorí ibẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí wà. Ní 1977, George Atkinson ṣí ṣọ́ọ̀bù kan ní Los Angeles pẹ̀lú àádọ́ta fíìmù, ó sì ń yá àwọn èèyàn ní kásẹ́ẹ̀tì ní dọ́là mẹ́wàá lójúmọ́. Kò nílò àṣẹ ilé-iṣẹ́ fíìmù kankan, torí òfin ibẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ra ẹ̀dà kan lọ́nà tó tọ́ lè tà á, ó lè fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, ó sì lè yá a fún ẹni tó bá wù ú. Kásẹ́ẹ̀tì jẹ́ nǹkan tí a ń fọwọ́ gbé: bó bá wà lọ́wọ́ yín, kò sí lọ́wọ́ aládùúgbò yín.

Fíìmù orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í kúrò ní ibì kan lọ sí ibòmíràn bẹ́ẹ̀. Nígbàkígbà tí ẹ bá fi í ránṣẹ́, ẹ̀dà tuntun ni ẹ ṣe, ẹ̀tọ́ láti ṣe ẹ̀dà sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ ReDigi gbìyànjú láti jẹ́ kí àwọn èèyàn tún orin tí wọ́n rà lórí iTunes tà. Ilé-iṣẹ́ orin Capitol Records pè é lẹ́jọ́, ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní New York sì dájọ́ ní oṣù kejìlá 2018 pé bí ReDigi tiẹ̀ pa ti àtijọ́ rẹ́, ẹ̀dà tuntun ló ṣe, kò sì ní àṣẹ rẹ̀. Àṣẹ láti wò ni ẹ ń sanwó fún báyìí. Èmi kò lòdì sí i pé kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ jèrè iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n fi lẹ́tà gbàǹgbà kọ wákàtí náà sórí bọ́tìnì tí a fi ń sanwó, kì í ṣe ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kì í dé.

Ìbéèrè: Nígbà tí mo fi wáyà so fóònù mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ohùn nìkan ni mo gbọ́. Àwòrán kò jáde.

Ìdáhùn: Ètò ààbò kan tó ń jẹ́ HDCP, tí Intel ṣe, máa ń béèrè lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n bóyá ó mọ òun kó tó fi àwòrán ránṣẹ́ sí i. Tẹlifíṣọ̀n tàbí wáyà àtijọ́ tí kò bá lè dáhùn kì í rí àwòrán gbà. Irú ààbò bẹ́ẹ̀ náà ló fà á tí àwòrán ojú fóònù tí ẹ bá yà máa ń dúdú. Ẹ tún fiyè sí èyí kí ẹ tó fi owó kún owó nítorí HD, ìyẹn àwòrán tó mọ́ dáadáa: àwọn fóònù Android kan tó rọjú ní ìpele Widevine tí wọ́n ń pè ní L3, ọ̀pọ̀ fíìmù kì í sì fi àwòrán HD hàn lórí wọn. L1, ìpele tó ga jù, ni ẹ fẹ́.

Ìbéèrè: Mo ń sanwó Prime Video ti Amazon lóṣooṣù. Kí ló dé tí wọ́n tún ń ní kí n sanwó fún fíìmù kan?

Ìdáhùn: Ọjà méjì ló wà lórí àtẹ kan náà. Owó oṣù ń ṣí àwọn fíìmù kan, àwọn yòókù sì jẹ́ ti háyà tàbí ti rírà.

Ìbéèrè: Mò ń bọ̀ láti London sí Èkó. Ṣé mo lè wo fíìmù tí mo háyà nínú ọkọ̀ òfuurufú, kí n sì parí rẹ̀ nílé?

Ìdáhùn: Nínú ọkọ̀, ẹ lè wò ó. Ní ti ilé, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e, nítorí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ta ẹ̀tọ́ fíìmù fún, ohun tó sì wà ní ti Britain lè má sí ní ti Nàìjíríà. Ẹ fi Wi-Fi ilé dáwúnlóòdù rẹ̀ kí ẹ tó jáde, torí wákàtí kan fíìmù HD lè jẹ tó gígábáìtì mẹ́ta, nígbà tí SD, tí àwòrán rẹ̀ kò mọ́ tó ti HD àmọ́ tó ṣeé wò dáadáa lójú fóònù, kò ju nǹkan bíi ọ̀kan lọ. Ẹ wò ó dájú pé ó ti wọlé tán, kí ẹ sì má ṣe tẹ̀ ẹ́ láti dán an wò rárá títí ọkọ̀ yóò fi gbéra.