Kí Ẹ Tó Bú Kodak, Ẹ Wo Etí Nẹ́gátíìfù

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé fíìmù lọ fọ̀ lóde òní, tí fótò sì jáde bí omi ìṣanwọ́, orúkọ ara páálí ló kọ́kọ́ ń bú: "Kodak ti bàjẹ́. Fuji kì í ṣe Fuji mọ́." Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀sùn ọ̀hún kò tọ́ sí wọn.

Oògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù aláwọ̀, ìyẹn C-41, kò fẹ́ ìdúró. Bí fíìmù ṣe ń gba inú ẹ̀rọ kọjá ni ẹ̀rọ ń fi oògùn tuntun kún ti àtijọ́. Nígbà tí ìgbéyàwó, ìsìnkú àti ọdún Ọ̀ṣun ń wọ orí fíìmù l'Óṣogbo, oògùn kì í ráyè gbó. Ní báyìí tí rọ́ọ̀lù kan wọlé lónìí, tí òmíràn ò dé títí oṣù tó ń bọ̀, afẹ́fẹ́ ti pa developer, ìyẹn oògùn tó ń mú àwòrán jáde, sínú táǹkì. Kí ẹ̀rọ máa mú un gbóná dé 37.8°C, kí fíìmù lo ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 15 nínú rẹ̀, oògùn tó ti kú kò ní jí.

Ẹ na nẹ́gátíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti fọ̀, sí ojú fèrèsé. Ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló fi ìmọ́lẹ̀ tẹ àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà tín-ín-rín tó wà létí rẹ̀. Kámẹ́rà yín ò mọ̀ nípa wọn. Bí wọ́n bá dúdú kedere, tí àwòrán fẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ ni kò wọlé tó: ẹni tó yà á ni kẹ́ ẹ mú. Bí lẹ́tà àti àwòrán bá jọ fẹ́lẹ́, developer ló ti rẹ̀. Bí lẹ́tà bá wà tí kò sí àwòrán rárá, ó lè jẹ́ pé fíìmù kò yí nínú kámẹ́rà. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣú, títí kan àárín àwòrán kan sí èkejì, fíìmù ti gbó, tàbí kó ti pẹ́ nínú oòrùn lórí káńtà.

Orúkọ ara páálí kò ṣe é fọkàn tán bíi tàtijọ́, òótọ́ ni. AgfaPhoto, ilé iṣẹ́ fíìmù kan, wó lábẹ́ gbèsè ní 2005, síbẹ̀ orúkọ rẹ̀ wà lára fíìmù tí àwọn ẹlòmíràn ṣe. Ní 2013, títa fíìmù Kodak bọ́ sọ́wọ́ ilé iṣẹ́ mìíràn, Kodak Alaris, ṣùgbọ́n Eastman Kodak, ìyẹn Kodak àtijọ́ gan-an, ló ṣì ń ṣe é ní Rochester, l'Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ọjọ́ tí fíìmù máa gbó ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kà lára páálí.

Ẹ bi ilé ìfọtò léèrè iye rọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọ̀ lọ́sẹ̀. Bí kò bá tó nǹkan, ẹ kó tiyín mọ́ ti ẹlẹgbẹ́ yín, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń fọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ gba nẹ́gátíìfù yín padà o. Àwọn kan ń dà á nù tí wọ́n bá ti kó àwòrán sínú kọ̀ǹpútà tán.