Kí là ń pè ní ìjẹgàba láàárín ìjàpá?

Ní agboolé kan nítòsí Ọjà Ọba, níbí ní Ìlọrin, ìjàpá méjì wà lẹ́yìnkùlé. Lọ́sàn-án, èyí tó tóbi máa ń gun orí èkejì, á sì sùn síbẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ní ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, àfìgbà tí mo gbé èyí kékeré, tí ó fúyẹ́ bí igbá òfìfo.

Ìjẹgàba nìyẹn: kí ẹranko kan gba ibi ìjẹun, ibi ìsùn àti ibi ìyáòòrùn mọ́ èkejì lọ́wọ́. Kò dìgbà tó bá bù ú jẹ kó tó rí i gbà.

Ìjàpá kì í ṣe ẹran agbo bí àgùntàn. Nínú igbó, òun nìkan ló sábà máa ń rìn. Bí méjì bá pàdé tí ọ̀rọ̀ ò wọ̀, èyí tí agbára rẹ̀ ò tó á yà bàrá, ìjà parí. Inú ọgbà tí a fi búlọ́ọ̀kù mọ ńkọ́, ibo ló fẹ́ yà sí? Àgbò méjì kì í mu omi nínú koto kan, akọ ìjàpá méjì náà ò sì yàtọ̀. Torí náà, ẹ má lọ ra èkejì nítorí pé ẹ rò pé àárò ń sọ èyí tó wà nílẹ̀. Àárò kankan ò sọ ọ́.

Ìjà tó hàn sójú rọrùn láti mọ̀. Akọ á fa orí wọlé, á sáré, á fi iwájú ìkarahun rẹ̀ kan èkejì, gbà! Ó tún máa ń bu ẹsẹ̀ jẹ. Sulcata, ìjàpá ńlá ilẹ̀ gbígbẹ tó wà létí aṣálẹ̀ Sàhárà, ní egungun kan tó yọ síwájú lábẹ́ ọrùn bí ṣọ́bìrì. Òun ló ń tì bọ abẹ́ ọ̀tá rẹ̀, tí á fi dà á délẹ̀, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa jà lófuurufú. Nínú òòrùn oṣù kẹta Ìlọrin, ooru lè pa èyí tó dà délẹ̀ kí ẹ tó kírun Àlàásárì dé. (Nínú àlọ́, ọgbọ́n ni Ìjàpá fi ń jà. Tẹ̀yìnkùlé, ara wíwúwo ló ń lò.)

Èyí tí kò láriwo ló ń tan ènìyàn jẹ. Ọ̀kan á dùbúlẹ̀ sórí oúnjẹ, tàbí kó máa tẹ̀ lé èkejì kiri láìsinmi, tàbí kó di ẹnu ihò. Èkejì á wá lúgọ sí kọ̀rọ̀, kò ní jẹun dáadáa mọ́. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ máa gbé wọn sórí òṣùwọ̀n bíi ti àwọn tó ń ta ẹja, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú lásán kì í rí i bí ìjàpá ṣe ń rù, torí ìkarahun ò lè sún kì.

Kí wá ni ṣíṣe? Ẹ pín wọn níyà. Akọ méjì ò gbọdọ̀ bára gbé rárá. Akọ kan pẹ̀lú abo méjì tàbí mẹ́ta ṣeé gbà mọ́ra bí àyè bá gbòòrò, àmọ́ bó bá ń gun ọ̀kan nínú àwọn abo náà ṣáá títí ó fi sú u, ẹ yọ akọ náà kúrò. Bí wọ́n bá ti dàgbà, ẹ yí wọn wò: àyà akọ máa ń kó wọnú bí àwo, ìrù rẹ̀ sì gùn. Ẹ pín koríko àti ẹ̀fọ́ yánrin sí ojú ibi púpọ̀, kí ihò ìsùn sì ju iye wọn lọ. Ojú egbò ò gbọdọ̀ wà ní gbangba kí eṣinṣin má baà yé sí i. Bó bá jìn, dókítà ẹran ló kàn.

Ìkìlọ̀ kan lórí ọgbà: wáyà ò dára. Bí wọ́n bá ń ríra wọn, wọn á máa kan wáyà títí imú á fi bó. Páànù ń díjú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ kàn án lọ́sàn-án kẹ́ ẹ wò ó. Búlọ́ọ̀kù ni a lò.

Ọ̀sẹ̀ kẹta tí a mọ ọ́n, èyí kékeré ti ń jáde fúnra rẹ̀ láàárọ̀ láti yáòòrùn. Èyí ńlá ṣì ń rìn yí búlọ́ọ̀kù ká, ó ń wá ibi tí yóò gbà wọlé.