Kí ló dé tí Edvard Munch fi dà bí iwin nínú fọ́tò tó ya ara rẹ̀?

Ìbéèrè: Mo rí fọ́tò tí Edvard Munch, ayàwòrán ọmọ Nọ́wè, ya ara rẹ̀. Mò ń rí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láti inú ara rẹ̀. Ṣé kámẹ́rà rẹ̀ ló bàjẹ́ ni?

Ìdáhùn: Kò bàjẹ́ rárá. Ọdún 1902 ni Munch ra kámẹ́rà Kodak kékeré kan ní Berlin. Nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, ojú kámẹ́rà ní láti là sílẹ̀ fúngbà díẹ̀ kí àwòrán tó lè mú. Munch á gbé e kalẹ̀, á ṣí i, á lọ jókòó síwájú rẹ̀, á sì dìde kí ojú kámẹ́rà náà tó padé. Àga àti ògiri tí kò mira á hàn ketekete. Òun tó jókòó díẹ̀ tó sì kúrò, fírífírí la ó máa rí i.

Ìbéèrè: Ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?

Ìdáhùn: Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó ń lọ tí kò sì lọ tán ló ń yà láti ìgbà èwe rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ pa ìyá rẹ̀ lọ́dún 1868. Lọ́dún 1877 àrùn yìí kan náà pa Sophie, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún 15. Ní 1885 ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà ya ọmọbìnrin kan tó ń ṣàìsàn lórí ibùsùn. Ó ń kùn ún, ó ń họ ọ́, ó tún ń kùn ún, títí ojú àwòrán fi kún fún àpá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ló ya á láàárín bí ogójì ọdún. Ní Paris lọ́dún 1896, ó ya orí ọmọ náà nìkan sórí òkúta, ó fi òkúta náà tẹ àwòrán sórí bébà, ó sì ń pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀. Èyí tó pupa, ibà ni mo máa ń rí níbẹ̀.

Ìbéèrè: Àwọn àwòrán tó fi pákó tẹ̀ sórí bébà ńkọ́?

Ìdáhùn: Lẹ́yìn tó bá fín àwòrán sára pákó tán, á fi ayùn gé e sí wẹ́wẹ́. Á fi yíǹkì tó yàtọ̀ kun ẹyọ kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n padà, á sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀nà tí ayùn gbà kì í parẹ́. Nínú èyí tó tẹ̀ ní 1899, ọkùnrin àti obìnrin kan dúró létí òkun, wọ́n kẹ̀yìn sí wa. Ìlà tín-ín-rín tí ayùn fi sílẹ̀ yí obìnrin náà ká.