Colossus: Kọ̀ǹpútà Tí Ilé Ìfìwéránṣẹ́ Kọ́ Lójú Ogun

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ Colossus, ọ̀kan lára àwọn kọ̀ǹpútà tó kọ́kọ́ dé ilé ayé, láti fi tú àṣírí àwọn Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Kí ló wá kan oní-lẹ́tà nínú ọ̀rọ̀ ogun? Láyé ìgbà yẹn, GPO, ìyẹn ilé ìfìwéránṣẹ́ wọn, ló tún ni tẹlifóònù, gẹ́gẹ́ bíi P&T tiwa ní Nàìjíríà kí wọ́n tó pín in sí NIPOST àti NITEL ní 1985.

Hitler àti àwọn ọ̀gágun rẹ̀ ń fi ẹ̀rọ Lorenz da ọ̀rọ̀ wọn rú kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. (Enigma, ẹ̀rọ àṣírí Jámánì mìíràn tí gbogbo ayé ń pariwo, yàtọ̀, Lorenz le jù ú lọ.) Bill Tutte ti Bletchley Park, ibùdó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń tú àṣírí ọ̀tá, ronú títí ó fi mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, láìfojú kàn án rí. Síbẹ̀, àgbá kẹ̀kẹ́ 12 ló wà nínú rẹ̀, àwọn ará Bletchley sì gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan dúró sí kí wọ́n tó lè ka iṣẹ́ tí àwọn Jámánì rán. Ẹ̀rọ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣírò rẹ̀ ń fa tépù bébà méjì pa pọ̀, tépù a sì máa já tàbí kí ọ̀kan ṣáájú èkejì.

Tommy Flowers, ọmọ bíríkìlà tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ìwádìí GPO ní Dollis Hill, Lọ́ńdọ̀nù, ní kí wọ́n yọ tépù kan kúrò, kí fáàfù rọ́pò rẹ̀. Fáàfù, ohun èlò tó ń darí iná mànàmáná nínú ẹ̀rọ, jọ gílóòbù iná, ó sì máa ń jó bíi tiẹ̀. Nígbà tí Flowers wá dárúkọ ẹgbẹ̀rún kan ó lé, ọ̀pọ̀ ní Bletchley sọ pé kò lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tẹlifóònù ti kọ́ ọ pé títàn-án-pa-á ló ń ba fáàfù jẹ́: bí a bá tàn án, tí a kò pa á mọ́, yóò pẹ́. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ìṣirò kò mọ̀ nìyẹn. Gordon Radley, ọ̀gá rẹ̀, gbà á gbọ́.

Ní January 1944, Colossus, ẹ̀rọ tí Flowers kọ́, dé Bletchley pẹ̀lú fáàfù bí 1,600, ó ń ka lẹ́tà 5,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn obìnrin ọmọ ogun ojú omi ló ń lò ó. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ GPO ló ń tún un ṣe. Mẹ́wàá ni wọ́n kọ́ kí ogun tó parí.

Lẹ́yìn náà, wọ́n tú púpọ̀ nínú wọn palẹ̀, Flowers sì dáná sun àwọn àwòrán ẹ̀rọ náà bí wọ́n ṣe pa á láṣẹ. Àwọn ará Dollis Hill tún kọ́ ẹ̀rọ ERNIE, tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú nọ́ńbà àwọn tó jẹ owó Premium Bonds, ètò ìfowópamọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń fúnni ní ẹ̀bùn owó, ní 1957. Díẹ̀ nínú àwọn tó kọ́ Colossus wà níbẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ sọ ibi tí wọ́n ti kọ́ iṣẹ́.